Sípíkà Tó Mọ Sá Yàtọ̀ sí Ṣá

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2023, wọ́n fi àdá gé pákó ìrókò Ọ̀jẹ̀túndé wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní Ijoun. Olè kọ́, ọ̀tá kọ́. Cornelius ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà. Ó ti ilé-ìwé tó ti ń ṣe olùkọ́ dé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì gbá iṣẹ́ náà mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Bàbá wọn ló fi ayùn la pákó yẹn lára igi ìrókò oko rẹ̀. Kí ó tó kú, ó ní ti Ọ̀jẹ̀túndé ni, kí ó fi ṣe ohun tó bá wù ú. Ọ̀jẹ̀túndé, tó ń tún rédíò ṣe ní Ayétòrò, sì ti mọ ohun tó wù ú: àpótí sípíkà méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní agbègbè Yewa. Ó fi pákó náà sí àjà ilé bàbá wọn, ó ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dá. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ gba ojú páànù wọlé, tí pákó náà rin, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sá pákó yẹn kí n tó dé.”

Sá, bí wọ́n ṣe ń sá láfún sí oòrùn. Ṣùgbọ́n sípíkà fóònù Cornelius ti ya. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Ṣá ni Cornelius gbọ́.

Ìgbà tí Ọ̀jẹ̀túndé fi máa dé Ijoun, Ìyá Olúwatóbi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ń fi ìrókò yan gaàrí.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí?”

“Ohun tí o ní kí n ṣe. O ní kí n ṣá a, mo ṣá a. Mo rò pé o fẹ́ kó o sínú àpò kí ọlọ́kadà lè gbé e. Wo ọwọ́ mi!”

“Sá ni mo wí! Ta ní í fi àdá ṣá ìrókò?”

“Èmi náà bi ara mi. Mo ní bóyá ọgbọ́n àwọn onírédíò ni.”

Wọ́n tún ohùn náà gbọ́ lórí fóònù Cornelius. Ṣá náà ló tún wí. Cornelius na ìka sókè bí ẹni tó wà nínú kíláàsì. “Olùkọ́ ni mí o. Mo mọ ṣá.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Ọ̀jẹ̀túndé ní Aṣápákó ní Ijoun. Cornelius fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, bí wọ́n bá sì pé jọ, á ní, “Àbúrò mi tí kò lè pe sá dé o.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ̀túndé kì í rẹ́rìn-ín. Kí ó tó di atún-rédíò-ṣe, nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bíríkì ní Ìlaròó, tí èjìká rẹ̀ bó, ilé-ìwé alẹ́ ni ó ń lọ láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára. Àga ọmọdé ni ó ń jókòó lé, orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ pé àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà lè sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Ẹni tó ti jìyà tó bẹ́ẹ̀ lórí lẹ́tà, wọ́n wá ní kò lè pe sá.

Ó pinnu pé òun máa kan sípíkà tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà bí òun ṣe sọ ọ́, kí ẹ̀gbọ́n òun fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Pákó tíìkì ni ó rí rà ní Ìlaròó. Epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí, nítorí náà ayùn ọwọ́ ni ó fi rẹ́ ẹ. Ó fi òwú àràbà tẹ́ inú àpótí kí ohùn má baà máa gbá kiri níbẹ̀. Husain, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Ìmẹ̀kọ, ló kọ́kọ́ wá gbọ́ ọ.

“Ọ̀jẹ̀, àyà mi kò mì. Ṣé sípíkà nìyí, àbí àpótí aṣọ?”

“Etí ni mo kàn án fún, kì í ṣe àyà.”

“Ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ kò tíì délé ayé!”

Ọ̀jẹ̀túndé tún àpótí náà tú, ó sún sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín sókè, ó tún un kàn, ó tún un tú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mọ́nsúrátù ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí orin kan ń lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó dáwọ́ dúró.

“Bàbá Habeebah, obìnrin yìí mí kó tó kọrin.”

“O gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ta gìtá wà lápá òsì rẹ̀, èékánná rẹ̀ sì gùn. Ó ń ha okùn.”

Ọ̀jẹ̀túndé yíjú sí ògiri kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀.

Ọkọ̀ Husain ló gbé sípíkà méjèèjì dé Ijoun. Ọ̀jẹ̀túndé tò wọ́n sí ìta ilé bàbá wọn, ó gba fóònù Cornelius, ó so ó mọ́ wọn, ó sì wá ohùn ọjọ́ náà jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó síbí, láàárín méjèèjì.”

“Aṣápákó, kí ni o tún gbé dé?”

Ohùn náà jáde, ó mọ́ bí omi kànga: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sá pákó yẹn kí n tó dé. Sá náà tínrín, ó mú, ó dá dúró gedegbe. Ìyá Olúwatóbi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Cornelius kò rẹ́rìn-ín. “Tún un fi sí i.”

Ó tún un gbọ́. Ó di ojú. Ó ní kí wọ́n tún un fi sí i.

“Sá ni,” ni ó wí níkẹyìn. “Sá ni o wí. Àkùkọ kan ń kọ lẹ́yìn rẹ, ẹnìkan sì ń fọ abọ́.”

“Mọ́nsúrátù ni.”

“Gbogbo èyí wà nínú fóònù mi látọjọ́ yìí?”

“Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kò rí ẹni bá a sọ ọ́ ni.”

Àwọn ará àdúgbò ti ń pé. Ẹnìkan kígbe pé kí Aṣápákó fi orin sí i. Cornelius dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

“Ẹ gbọ́ o! Èmi ni Aṣápákó láti òní lọ, èmi tí mo yọ àdá. Ọ̀jẹ̀túndé ni ẹ máa pe àbúrò mi. Òun ló kan ohun tí ẹ ń wò yìí.”

Husain, tó fara ti ọkọ̀ rẹ̀, pariwo pé, “Mo ti sọ fún un pé ó dára!”

“Irọ́ lò ń pa,” Ọ̀jẹ̀túndé wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Orin ń lọ lórí gbogbo agbolé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń yé tọmọdé tàgbà. Cornelius kò kúrò láàárín sípíkà méjèèjì títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Tíìkì ni wọ́n fi kàn wọ́n. Ìrókò bàbá wọn ti jóná lábẹ́ gaàrí, kò sì sí òmíràn.