Áyọ́ọ̀nù Mi àti Ọkọ̀ Táyé

Alágbàfọ̀ ni èmi Jọọlá ní Òde Ugbò, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù eléèédú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fajú ro nígbà tí Barnabas ọkọ mi ní òun fẹ́ fi ṣe ọkọ̀.

Bàbá mi, Táyé Olówòkéré, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìbàdí wọn ti gan, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún ò ṣeé ká mọ́, ẹni tí kò sì lè ká ẹsẹ̀ kò lè jókòó nínú ọkọ̀ onígi tiwa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àwọn bí ẹrù. Ní Etikan, Kẹ́hìndé wọn, tí àwa ń pè ní Ìyá Etikan, ti búra pé àwọn ò wọkọ̀ mọ́ látọjọ́ tí ọkọ̀ ti dà wọ́n sómi. Ọdún kẹta rèé tí ìbejì ẹni àádọ́rin ọdún ò fojú kanra. Ó ń dùn mí, n ò ní purọ́. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Etikan.

Ìgbà tí iléeṣẹ́ epo kan kó kúrò létí omi wa ni Barnabas ru tapólì rọ́bà ńlá kan wálé. Ó ní a ó fi ooru lẹ etí rẹ̀ pọ̀, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, Bàbá á na ẹsẹ̀ wọn lórí rẹ̀, ọkọ̀ wa á sì máa fà wọ́n lọ. Mo ní, "Bàbá Rhoda, orí yín pé báyìí?" Ṣùgbọ́n mo rántí ẹsẹ̀ Bàbá, mo bá a tẹ́ tapólì náà sílẹ̀.

Ó wá ku irin tí a ó fi lẹ̀ ẹ́. Àbẹ́là àti bíléèdì ayùn la kọ́kọ́ lò, bí àwọn ẹlẹ́pà ṣe ń lẹ ọ̀rá. A fi lẹ tapólì pélébé méjì pọ̀, mo fà á díẹ̀, ó bó. Barnabas bá lọ yá irin tí Mátíù tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé. Ìyẹn gé tapólì sí méjì bí ọ̀bẹ. Ó ní ọwọ́ fífúyẹ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Mo ní, "Ọwọ́ yín gan-an ni ò fúyẹ́."

Mo délé lọ́jọ́ kejì, mo bá áyọ́ọ̀nù mi tó ń rú èéfín lórí tapólì. Barnabas ti rọ ẹ̀yinná kún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Inú bí mi dé góńgó. Mo fi eérú ha ìdí áyọ́ọ̀nù náà títí ó fi dán, mo ní kí Barnabas jókòó kó máa wòran.

Mo jẹ́ kí eérú bo ẹ̀yinná díẹ̀. Mo wọ́n omi sí ìdí áyọ́ọ̀nù. Bí omi bá ń sáré kiri, ó gbóná jù. Bí ó bá hó jẹ́jẹ́, ó tó. Mo tẹ́ bébà àpò sìmẹ́ǹtì lé tapólì, bí mo ṣe ń ṣe fún aṣọ tí kò fẹ́ iná, mo tẹ̀ ẹ́, mo ka ẹẹ́wàá, mo fi ìgò yí i mọ́lẹ̀. Nígbà tó tutù, mo di etí kan mú, Barnabas di ìkejì. A fà á títí a fi fìdí jókòó sílẹ̀. Ojú ibi tí mo lẹ̀ ò mì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ya.

"Ìyá Rhoda, ẹ mọṣẹ́," ni Barnabas wí.

"Àwọn tó ń wọṣọ tí mo lọ̀ ti mọ̀ tipẹ́."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi lẹ̀ ẹ́. A fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, a gbé e sómi, a gbé àpò iyanrìn lé e, kò rì. Ó wá ku ènìyàn. Barnabas ń bọ́ ẹ̀wù nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀ látẹnu ọ̀nà.

"Kí ni orúkọ mi?"

"Táyé ni, Bàbá."

"Ta ni wọ́n rán ṣíwájú kó wá tọ́ ayé wò? Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Wọ́n fìdí wọ́ dé etí omi, wọ́n yí gbirigbiri sórí ọkọ̀ náà, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn gbọọrọ. Wọ́n wá gba àjẹ̀, wọ́n ki ẹnu rẹ̀ bọ omi, wọ́n fi etí ti ìdí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ìró ẹja nígbà tí ara ṣì le.

"Ó ń mí," ni wọ́n wí. "Igun òsì yẹn."

A yẹ̀ ẹ́ wò, a rí ihò tín-ń-tín bí ojú abẹ́rẹ́. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti jẹ́ kí Barnabas di áyọ́ọ̀nù mú náà ni. Mo wò ó, ó wojú ọ̀run. Mo lẹ̀ ẹ́ padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, a fa Bàbá dé Etikan. Ìyá Etikan dúró lórí pákó iwájú ilé wọn, wọ́n di òpó mú, wọn ò sún mọ́ etí omi. Àwọn méjèèjì wo ara wọn títí.

Ìyá Etikan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sì fi sọ ọ́. "Táyé, báwo ló ṣe rí níbẹ̀?"

"Ó dára," ni Bàbá wí. "Ó rọ̀. Máa bọ̀."

Ìyá Etikan bọ́ bàtà wọn, wọ́n ní kí n di ọwọ́ àwọn mú. Èmi tí mo máa ń fajú ro yìí, ẹkún ni mò ń sun bí mo ṣe ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. A sè, a sì pè wọ́n wá jẹun. Oúnjẹ tutù, àwọn méjèèjì ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà.