Ìyẹ́ Tí Télọ̀ Gé

Bí ọwọ́ bá mọ iṣẹ́ kan jù, ó máa ń ṣe é débi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ògbólógbòó télọ̀ ni obìnrin yìí, kò sì sí òwú tó yọrí síta tí àlùmọ́gàjí rẹ̀ lè mójú kúrò lára rẹ̀. Bó bá jókòó ti ẹnìkan nínú bọ́ọ̀sì, tó rí òwú létí aṣọ onítọ̀hún, á gé e kó tó kí i.

Ní ti ọkọ rẹ̀, ẹja pípa ni orogún tó fẹ́ lé ìyàwó rẹ̀ lórí. Kì í sì í fi ekòló pẹja. Á fi ẹmú kékeré di ìwọ̀ mú lórí tábìlì, á fi òwú de ìyẹ́ adìyẹ àti irun ewúrẹ́ mọ́ ọn lára títí á fi jọ ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá lọ, kí ẹja báàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà lè gbé e mì. Ẹja oníyẹ̀ẹ́ ló ń pè é. Ìyàwó a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ télọ̀, iṣẹ́ yín ló wá rí wúruwùru báyìí?"

Ọkùnrin náà ti kú. Ẹja oníyẹ̀ẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ ṣì wà lẹ́nu ẹmú, ìyẹ́ funfun kan ṣoṣo lára rẹ̀. Gbogbo ilé ni opó rẹ̀ ti gbá, kò fọwọ́ kan tábìlì yẹn. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀, wẹ́dà tó máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí adágún odò, wá kí i ló tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Òun fẹ́ parí iṣẹ́ náà, kó má di àpatì, kí òun sì jù ú sómi fún olóògbé.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ dúró tì mí," ló wí.

Ó fi ìyẹ́ kún ìyẹ́, ó de irun pupa díẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló mú àlùmọ́gàjí, ó gé gbogbo etí rẹ̀ dọ́gba bíi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ó rẹwà lójú. Wọ́n pọn omi sínú báàfù, ó so ó mọ́ okùn, ó fà á.

Ó rì bíi ṣíbí. Kò mira rárá.

"Kí ló ṣe é?"

Wẹ́dà yọ ọ̀kan lápò ara rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un tipẹ́, wúruwùru bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bó ṣe fà á, ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún.

"Ìyẹ́ gígùn yẹn ló ń lúwẹ̀ẹ́, ìyàwó wa. Tí wọ́n bá ti gé e, ó ti kú nìyẹn."

Obìnrin náà rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ó fẹ́ ṣe ohun tí yóò dùn mọ́ ọn nínú, ló bá ṣí àpótí ìwọ̀ rẹ̀, ó sì gé gbogbo ẹja oníyẹ̀ẹ́ inú rẹ̀ ní àgégún. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó wo àpótí ọ̀hún títí. "Ọwọ́ rẹ mà dára o," ló sọ. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá lọ sódò, ọwọ́ òfo ló fi ń bọ̀. "Ebi ò pa ẹja lónìí," á wí bẹ́ẹ̀, ìyàwó á sì fi rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó mọ̀?"

"Ọjọ́ tó ṣí àpótí yẹn ló ti mọ̀."

"Kí ló dé tí kò ṣe òmíràn?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Èyí tó wà lẹ́nu ẹmú yìí, ibi tágbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Mo ní kó gba tèmi, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó òun lòun máa lò. Ó ní tí mo bá fi lè sọ fún yín, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láé."

Télọ̀ di etí báàfù mú, ó sunkún bí ọmọdé. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló pe tirẹ̀, èyí ló sì dùn ún jù.

Ó tú iṣẹ́ náà, ó fi ìyẹ́ gígùn tún un ṣe. Ó gbé àlùmọ́gàjí fún wẹ́dà kó bá òun dì í mú, torí ọwọ́ ń yún un. Ìyẹ́ funfun tí ọkọ rẹ̀ dè nìkan ni kò rí nǹkan ṣe sí. Ó ti gé òun náà kúrú, ohun tí wọ́n sì ti gé kì í hù mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n dé adágún odò. Kò pẹ́ tí opó náà ju ẹja oníyẹ̀ẹ́ yẹn sómi tí báàsì ńlá kan fi gbé e. Wẹ́dà ń pariwo ayọ̀. Obìnrin náà fà á dé etí omi, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dá a padà sódò. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí ìwọ̀ ọkọ rẹ̀ tó gbé dání, ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó ti gé, ó ń so ó mọ́ okùn.

"Ìyàwó wa, ìyẹn ò lè pa nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

Ó ń jù ú, ó ń fà á, títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà tí wẹ́dà wá bi í bóyá kí àwọn máa lọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló wí. "Ebi ò pa ẹja lónìí."