Ó Gbọ́, Kò Gbọ́

“Ẹ wo akọ́nimọ̀ọ́gbá wa! Ẹni márùn-ún ló tò sẹ́yìn! Ẹyọ kan ṣoṣo ló fi síwájú! Ṣé bọ́ọ̀lù la wá gbá ni, àbí òkú la wá ṣọ́?”

Ọlọ́dà ló ń sọ̀rọ̀, ó sì na búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sójú Tíṣà bí ẹni tó fẹ́ kun irùngbọ̀n fún un. Abẹ́ páànù tí òun àti Agogo ti ń tún ara mọ́tò ṣe ni wọ́n wà. Òórùn ọ̀dà àti irin gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀ kan. Tíṣà àti Aránṣọ jókòó lórí àga gígùn tí wọ́n tú kúrò nínú bọ́ọ̀sì kan tó ti kú, tí kò sì sẹ́ni tó rántí sin ín.

Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé òdìkejì títì, fi ìdí bàtà fa ìlà sínú eruku. “Ẹ fara balẹ̀. Ọkùnrin yìí ò ní agbábọ́ọ̀lù tó lè sáré. Tó bá tú ẹ̀yìn sílẹ̀, àpò ni wọn ó máa fi kó góòlù wá sílé wa. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ṣé fèrèsé ló máa kọ́kọ́ kùn?”

“Òrùlé kọ́, àjà ni!” Ọlọ́dà dá a lóhùn. “ Ọmọ tó wà lápá òsì wa ńkọ́? Wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀nà àbùjá. Ẹni tó bá ti fẹ́ gbá góòlù wọlé wa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà. Gbogbo pápá ń pariwo, ‘Òsì! Òsì! Yọ ọ́!’ Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ yí ọrùn. Ó dúró gbagidi bí òpó iná.”

“Ìgbéraga ni,” Aránṣọ dá sí i. Òun ló rán àsíá ńlá tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí ìjókòó wọn ní pápá, kò sì sí ọkùnrin kan láàrin wọn tó lè bá a du ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. “Ẹni tó bá ń gbọ́ igbe èèyàn tó wá ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ọ̀nà ìta ló ń wá. Agogo! Ìwọ là ń wò lójú o. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ yóò wà níbẹ̀ ní Sátidé. Orin yẹn, mo fẹ́ kí o gbé e débi tí wọn ò fi ní rójú sùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ lé e!”

Agogo sọ òòlù kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.”

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ṣì wà níbì kan, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ọkùnrin náà lè dúró ní ìpẹ̀kun pápá kan kó bú ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì, onítọ̀hún á sì gbọ́ gbogbo ẹ̀ láìku ìkan. Òun ló ń ṣíwájú orin àwọn alátìlẹ́yìn. Nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó dá balógun ẹgbẹ́ tí wọ́n ti jù síta padà. Ó dá a padà, ẹgbẹ́ wọn sì gòkè lọ sí ìpele àwọn àgbà. Ọjọ́ náà ni Agogo dá orin:

Ó gbọ́, ó gbọ́, ó gbọ́ tiwa,
Baba tó gbọ́ tọmọ, ire ni tirẹ̀!

Gbogbo ìjókòó a máa mì tìtì. Pàtẹ́wọ́ rẹ̀ lágbára: méjì kíákíá, ọ̀kan wúwo. Ṣùgbọ́n ní sáà yìí, ilẹ̀ yọ̀. Wọ́n ń pàdánù nílé, wọ́n ń pàdánù lájò, wọ́n sì ti wà nísàlẹ̀ pátápátá. Agogo kò wá orin tuntun lọ síbì kankan. Ó mú ti tẹ́lẹ̀, pàtẹ́wọ́ kan náà, ohùn kan náà, ó kàn yí i lórí díẹ̀:

Kò gbọ́, kò gbọ́, kò gbọ́ tiwa,
Baba tó kọtí ikún, ilé ló ń lọ!

Ẹ̀rín pa pápá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọdé ti ń fi í fo okùn ládùúgbò, Kọtí-Ikún sì ti di orúkọ ọkùnrin náà. Agogo ń rìn bí ẹni tó ra ilé.

Wọn ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mọ́tò kan rọra yà wọlé, ilẹ̀kùn òsì rẹ̀ ti wó sínú bí agolo tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Kọtí-Ikún ni.

Ẹ wá wo àwọn ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Aránṣọ rántí pé òun gbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Tíṣà ní agogo ilé ìwé ti lù, agogo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ọlọ́dà, tó fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì pa èèyàn, ní ọ̀dà òun ti ki jù, òun ń lọ wá ohun tí òun máa fi là á. “Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà.” Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, Agogo nìkan ló kù.

“O kú iṣẹ́,” ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wí. Ó kúrú ju bó ṣe máa ń rí nínú pápá lọ. “Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ló gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ó fọn fèrè títí.”

Agogo lóṣòó ti ilẹ̀kùn tó wó, lápá òsì ọkùnrin náà. “Sà, ṣé ó ṣì ń tì?”

Ọkùnrin náà ń wo títì.

“Mo ní, ṣé ilẹ̀kùn yìí ṣì ń tì, sà?”

Ọkùnrin náà ń wo títì. Agogo wí fún ara rẹ̀ pé, áà, nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi náà! Ìgbéraga yìí ti kọjá ti bọ́ọ̀lù. Ó dìde pẹ̀lú ìbínú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì gbá páànù irin ńlá kan tó fi ti ògiri. Irin náà ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn akọ́nimọ̀ọ́gbá, gbàràgàdà! Ajá tó sùn lẹ́nu ọ̀nà fò sókè, ó sá lọ. Obìnrin kan ní títì fọwọ́ sáyà.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mira. Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Agogo mọ ohun tó ń wò. Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, fi gbogbo ayé rẹ̀ lu irin, irin náà sì fi etí rẹ̀ gba ti ara rẹ̀ padà. Ní ìgbẹ̀yìn, báyìí ni bàbá náà ṣe máa ń dúró láàrin èèyàn, tí yóò máa wo ẹnu wọn, tí yóò máa rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín, tí yóò máa dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ohun tí wọn ò bi í.

Agogo rìn yípo títí ó fi dé iwájú ọkùnrin náà. Ó la ẹnu, ó mi ètè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ohùn kankan jáde: Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, sà?

“Mò ń gbọ́ ọ,” ni akọ́nimọ̀ọ́gbá dáhùn kíá.

Ọkùnrin náà wo ojú Agogo, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì rí irin tó sùn gbalaja, èyí tó dájú pé kò sí nílẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó yé e. Ó rọra jókòó lórí àga bọ́ọ̀sì bí ẹni tí eegun rẹ̀ tú.

“Láti ìgbà wo, sà?”

“Etí òsì ló kọ́kọ́ lọ. Èyí tó kù yìí, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga ni. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Ìwọ náà ti wá mọ̀.”

“Àwọn agbábọ́ọ̀lù ńkọ́?”

“Kí lo rò pé mo ṣe ń to ẹni márùn-ún sẹ́yìn?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. “Bí mo bá tò wọ́n síbẹ̀, oníkálukú ti mọ ààyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti bi mí ní nǹkan kan. Bí mo bá ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ipò, wọn ó máa kígbe sí mi. Wọn ó máa bi mí léèrè. Kí ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn?”

“Sà, ẹ sọ fún àwọn aláṣẹ. Ẹ̀dá èèyàn ni wọ́n. Wọn ó gbọ́.”

“Olóríkunkun ni gbogbo wọn ń pè mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lé olóríkunkun níbí, ibòmíràn á tún gbà á. Ta ni yóò gba adití?” Ó gbójú sókè. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ọ́.”

“Mi ò ní sọ, sà.”

Akọ́nimọ̀ọ́gbá fọwọ́ sórí orúnkún. Ó dà bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tú ọ̀rọ̀ náà ká. “Ìwọ lò ń ṣíwájú orin, àbí? Mo mọ ojú ẹ. Bí mo bá ti yíjú, mo máa ń rí i yín. À ń pàdánù, ẹ̀ ń dìde. À ń pàdánù, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Méjì kíákíá, ọ̀kan wúwo. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, ó máa ń gba ilẹ̀ wọ inú bàtà mi. Mo sọ fún ìyàwó mi ní Sátidé tó kọjá pé, gbogbo ayé ti kẹ̀yìn sí mi, àfi àwọn wọ̀nyẹn. Wọ́n ṣì ń kọ ‘Ó gbọ́’. Ó kàn wò mí, omi sì lé sí i lójú. Inú rẹ̀ ló dùn, mo rò.” Ó wo ẹnu Agogo. “Òun náà lẹ ṣì ń kọ, àbí?”

Agogo, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, tó ti bú alága, tó ti bú adájọ́ eré, tó bú ọlọ́pàá lójú ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wá wo ilẹ̀ kó tó gbójú sókè. “Ó” pẹ̀lú “kò”, ta ni yóò fi ojú mọ ìyàtọ̀ wọn lókèèrè?

“Òun náà ni, sà,” ó wí. Ó rọra pè é kó lè rí i kà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, tí gbogbo wọn tún péjọ, Agogo ní kí wọ́n fi orin náà sílẹ̀.

“Ká fi kí ni sílẹ̀?” Aránṣọ dìde. “Mo ti mọ̀! Mo ti mọ̀ látìgbà tí mọ́tò ẹ̀ ti yà wọlé síbí! Kí ló fi dí ẹ lẹ́nu?”

“Kò fi nǹkan kan dí mi lẹ́nu.”

“Ẹnu tó ń la irin! Ẹ wò ó, ó ti di òwú!”

Tíṣà ń wò ó lábẹ́ ojú. “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Agogo, kí ló dé?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré, ẹ̀rín ìlú á di àánú, ọkùnrin náà á sì di ẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ hàn ní títì. Agogo gbé òòlù, ó sì padà sídìí ilẹ̀kùn tó wó. Ó lù ú títí wọ́n fi lọ.

Ní Sátidé, apá òsì náà ni àwọn alátakò tún gbà wọlé. Góòlù kan péré, ṣùgbọ́n kan péré náà ti tó. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, àwọn aláṣẹ ti dìde kúrò lórí àga wọn, wọn ò sì dúró kí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìjókòó yíjú sí Agogo. Wọ́n ń dúró dè é.

Kò dá orin.

Aránṣọ ò dúró dè é mọ́. “Kò gbọ́!” ó ké, gbogbo pápá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí iná ṣe ń gba koríko. Kò gbọ́, kò gbọ́, kò gbọ́ tiwa! Méjì kíákíá, ọ̀kan wúwo. Orin tí Agogo fọwọ́ ara rẹ̀ tú sílẹ̀ ti gbàgbé ẹni tó bí i.

Lórí pápá, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ń wọ inú bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìjókòó wọn. Ojú rẹ̀ ń wá èèyàn kan.

Agogo sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí irin tó pààlà pápá, ó gùn ún. Ó ya ẹnu.

“Ó gbọ́! Ó gbọ́! Ó gbọ́ tiwa!”

“Ọ̀dàlẹ̀!” ẹnì kan kígbe. Ìgò omi kan gbá a léjìká. Aránṣọ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fa aṣọ rẹ̀, ó ń bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ọlọ́dà ń ṣépè. Agogo kọ etí ikún sí gbogbo wọn. Pàtẹ́wọ́ tí wọ́n fi ń lé ọkùnrin náà ló gbé orin rẹ̀ lé, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tirẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Agogo ń pe ìlà kejì bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ábídí: “Baba! Tó gbọ́! Tọmọ! Ire! Ni! Tirẹ̀!”

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ lu àyà. Méjì kíákíá, ọ̀kan wúwo. Ó yípadà, ó sì ń rìn lọ sí ọ̀nà abẹ́ ìjókòó, kò yára, ṣùgbọ́n ó ń bojú wẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohùn Agogo ti há kí ọkùnrin náà tó dé ẹnu ọ̀nà náà. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń lọ.