Ẹni Tó Ni Ilé Òkéwùmí

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ti sùn, tí ilé sì dákẹ́, orúkọ nìkan ló kù tí ọmọ lè dì mú.

Zénabou Òkéwùmí ń dì í mú láràárọ̀. Káwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé sí bìrò, ọ́fíìsì wọn ní Zone 4, níbi tó ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ amúlétutù, á ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Á ní "Bísímílááhì," á ṣí ojú dúdú kan tí kò ní àwòrán kankan, á tẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan, *dig*, á sì fi orúkọ ìkànnì ìdílé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tì í lẹ́yìn. Ẹ̀rọ á dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn kan: ibi tí ilé yín wà nìyí. Zénabou á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á pa á dé, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Abdoul, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ṣe ìkànnì náà nígbà tí bàbá wọn ṣì ń ta obì ní Anyama, ìlú àjòjì tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ó gba ohùn arúgbó náà sílẹ̀ níbi tó ti ń ki orílẹ̀ wọn, ó gbé e síbẹ̀ kí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ju Faransé lọ lè mọ ẹni tí wọ́n jẹ́:

*Ọmọ Ìgbòho, ilé ọba àná,*
*ọmọ a-jí-pọ́n-bí-obì-tuntun,*
*ẹ̀yin lẹ ru igbá sọdá odò*
*tí omi ò mọ̀ pé igbá kọjá.*

Abdoul náà ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ méjì. "*Dig* á sọ ibi tí ilé wà fún yín. *Whois* á sọ ẹni tó ni ín." Zénabou ò lo èkejì rí. Ta ní ń bèèrè ẹni tó nilé baba rẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá kú. San-Pédro ni Abdoul wà, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé, wọ́n ti sin bàbá.

"Ẹ ò lè dúró dè mí?"

"Òkú mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó gbẹ lẹ́nu Zénabou bí èèpo obì. Abdoul ò jókòó, kò mu omi, ó padà síbi tó ti wá. Láti ìgbà náà kò pè. Zénabou náà ò pè, torí nílé tiwọn, àbúrò ló ń kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀. Nọ́ńbà àràárọ̀ yẹn nìkan ló kù láàárín wọn. Bó bá ti jáde, á jẹ́ pé Abdoul wà láyé, ó sì ń tọ́jú ilé.

Ní Port-Bouët, níbi tí Zénabou ń dá gbé, bàálù a máa kọjá lórí òrùlé rẹ̀ títí abọ́ á fi máa gbọ̀n, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ń ṣí ìkànnì náà lórí fóònù, tí bàbá á máa kì í títí ọbẹ̀ á fi jinná. Kò rò ó rí pé kóun gba ohùn náà sí ibòmíràn. Ta ní ń kó ẹrù jáde nínú ilé tí kò jó?

"Tàntí Zéna, ojú dúdú yẹn náà tún ni?" Béatrice, ọmọ Àjàṣẹ́ tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tó máa ń bá a nídìí rẹ̀ nígbà mìíràn, ló máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Àbí ọkọ ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọkọ wo ló ń yára dáhùn báyìí?"

"Òótọ́ ni o! Tèmi, àná ni mo ti ń pè é."

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí nọ́ńbà ò jáde. NXDOMAIN ni ẹ̀rọ kọ: kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó ń wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Ó wá a lórí fóònù. Ohùn bàbá ò sí.

Béatrice wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ọkọ ò dáhùn lónìí?" Ó rí ojú rẹ̀, ó gbé báàgì sílẹ̀. "Tàntí, ẹ dákun. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àbúrò mi ló tilẹ̀kùn ilé bàbá wa mọ́ mi."

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ní kò sí mọ́."

"Ẹ̀rọ ní kò sí. Ṣó sọ ẹni tó ṣe é?"

Zénabou yíjú padà sí ẹ̀rọ. Ó tẹ *whois*.

Orúkọ náà ò tíì kú tán. Ọdún tí wọ́n sanwó fún ló pé. Ó ku sáà díẹ̀ tí onílé fi lè gbà á padà, lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni lè mú un. Onílé ọ̀hún: Àlàájì Òkéwùmí, Anyama. Ímeèlì bàbá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Abdoul ò jẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sára ilé nígbà tí baba ṣì wà láyé. Ta ló máa kọ́ ọ nírú àfojúdi bẹ́ẹ̀? Gbogbo lẹ́tà tó ń kìlọ̀ pé àkókò ti tó, ọ̀dọ̀ òkú ni wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún Abdoul. Ọwọ́ Abdoul nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ ìkànnì náà wà.

"Ọlọ́run, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi tún gbẹ," ló wí, ó sì pè é.

Ariwo èbúté ló kọ́kọ́ gbọ́. "Àlò?"

"Àtàndá." Oríkì àbúrò rẹ̀ nìkan ló lè jáde.

Ó bọ́ kúrò nínú ariwo. "Ẹ̀gbọ́n mi? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìkànnì Bàbá ló tì. Wọ́n ti kọ̀wé kọ̀wé sí Bàbá, Bàbá ò fèsì."

Abdoul rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dá láàárín. "Orúkọ wọn ni mo fi sí i."

"Mo rí i. Mo rò pé ò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Mò ń wò ó láràárọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ṣí i rí látọjọ́ tí wọ́n sin Bàbá. Mi ò lè gbọ́ ohùn wọn."

Zénabou wo ojú dúdú tó wà níwájú rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, kò sí Abdoul níbẹ̀. Ẹ̀rọ lásán ló ń dá a lóhùn.

"Kọ̀ǹpútà kan wà ní bìrò ọ̀gá wa," ni Abdoul wí. "Mò ń lọ síbẹ̀, màá gbà á padà báyìí. Tí mo bá ṣe tán, ṣé kí n pè yín?"

"Rárá. Má pa fóònù, Àtàndá. Jẹ́ kó wà létí ẹ títí wàá fi ṣe é tán."