Fáànù Inú Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Gìdì-gbà, gìdì-gbà, gìdì-gbà. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ìgbà èwe rẹ̀ ló tún ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, wọ́n sì ti ta irin inú rẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Orí ìkúnlẹ̀ ni ariwo náà bá a lónìí, lábẹ́ tábìlì ìyàwó rẹ̀. Ó gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà, ó ń wá ohùn kékeré kan nínú rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan ló ń dáhùn nínú etí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibi tó wà bá parọ́rọ́ jù.

Ó nawọ́ sókè, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná kékeré tàn. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ funfun tò sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tó ti ń rí láràárọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: eré fáànù tó ń tu ọpọlọ ẹ̀rọ lára kò tó, tẹ bọ́tìnnì kí o lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Òdòdó pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ojú ẹ̀rọ yọ, ó tàn, ó rẹwà. Kí ó tó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ kú pii.

Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Ó gbóná bí orí ọmọ tí ibà ń ṣe.

“Ìwọ náà,” ló sọ fún un. “Ìwọ náà fẹ́ lọ.”

Ahunṣọ ni gbogbo ará ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń gbé ń pè é, láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Tíṣà ni Ahunṣọ ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà, kò sì pè é lórúkọ mìíràn títí tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìkẹyìn lọ́dún tó kọjá. Tíṣà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò ra èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀, òun á to ti òun fúnra òun. Lọ́kọ̀ọ̀kan ló ra ẹ̀yà ara rẹ̀. Orí tábìlì ìjẹun ló ti tò ó, débi pé orí itan ni àwọn méjèèjì ń gbé àwo oúnjẹ lé. Nígbà tí ìkìlọ̀ fáànù wá bẹ̀rẹ̀, inú Ahunṣọ dùn, ó rí ohun tó máa fi yọ ọ́ lẹ́nu.

“Ẹ̀rọ tó o fọwọ́ ara ẹ tò ló ń bú ẹ láràárọ̀ yìí, Tíṣà.”

“Jẹ́ kó máa bú mi. Èmi àti ẹ̀ la mọ ohun tá a jọ ń sọ.”

Á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á tẹ orí síwájú díẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ahunṣọ gba ìtẹ̀ náà ṣe. Kò ní ohun kan tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ó kàn máa ń tàn án láàárọ̀, á tẹ bọ́tìnnì náà, á wo òdòdó, á sì pa á.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí kò sí níbòmíràn láyé. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo lóyún ní òkèèrè, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí tábìlì yìí lọ́sàn-án, ó ń sọ ìtàn fún ọmọ tí a kò tíì bí, ẹ̀rọ sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ dé, Tíṣà kò dúró rí i. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó fi ohùn náà ránṣẹ́, tí bàbá sì ń dáhùn pé ẹ̀rọ ń ṣe wàhálà. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ kò ṣe wàhálà kankan nígbà náà. Òun ni kò lè ṣí i. Ó máa ń gbé ọwọ́ débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì padà. Ní báyìí tí ọwọ́ ṣe tán láti ṣí i, ẹ̀rọ ló kọ̀.

Fóònù dún lórí tábìlì.

“Bàbá mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Mo ti ní kẹ́nì kan wá wò ó lónìí.”

“Kó wá wo kí ni?”

“Kọ̀ǹpútà màámi. Tó bá ti kọjá àtúnṣe, kó gbé e lọ, kó bá wa wò ó bóyá ó lè yọ ohun tó wà nínú ẹ̀.”

“Kó gbé e lọ síbo?”

“Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yìn ayé.”

Ohùn ọmọ rẹ̀ wálẹ̀. “Ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ń nàka sí fọ́tò, ó ń bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní màmá àgbà ni. Ó wò mí bíi pé irọ́ ni mò ń pa. Bàbá, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn màámi nígbà tó ṣì lè mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa,” ni Ahunṣọ wí. “Kó máa bọ̀.”

Ẹni tó wá kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé. Ó sanra, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn.

“Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n sọ mí bẹ́ẹ̀, mo tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́.”

“Ìgbà wo nìyẹn?”

“Kí n tó gbéyàwó ni.”

Ahunṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di ikọ́ mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun. Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ gbé àpótí náà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ti wà lórí rẹ̀.

“Ibí yìí ni kó o ti ṣe é.”

“Bàbá, ṣọ́ọ̀bù lọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mi wà.”

“Ibí yìí.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo ojú rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìjiyàn. Ó tú ìdè ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó ṣí i. “Hà! Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi eruku yìí kún inú ìrọ̀rí ni?” Eruku ti dì nínú ẹ̀rọ náà, ó rọ̀, ó rí bí èérún òwú tó máa ń dì sábẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí. Tẹ́ẹ́rẹ́ yọ búrọ́ọ̀ṣì láti inú àpò rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́: ó sọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀gùn, ó sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa oníbàárà kan tó da tíì sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó wá ní ńṣe ni ẹ̀rọ náà kàn jí lọ́jọ́ kan tó ti rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fáànù hàn, ó fi ìka tọ wáyà rẹ̀ lọ síbi tó ti wọ inú bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo wáyà ẹ̀rọ so mọ́. Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti dákẹ́.

“Bàbá, ta ló to ẹ̀rọ yìí?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ẹ wo wáyà kékeré tó wà láàárín yìí. Kì í bá fáànù wá, ńṣe ni wọ́n máa ń rà á lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó fa fáànù lọ́wọ́ sẹ́yìn kó má baà pariwo. Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń kìlọ̀ nìyẹn. Ó rí i pé fáànù ń rìn, kò sáré.”

“Ó ṣì í tò, àbí?”

“Rárá o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe é.” Tẹ́ẹ́rẹ́ họ orí. “Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n lè sọ fún ẹ̀rọ pé kó panu mọ́. Kò le rárá. Wọn ò sọ fún un. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa pariwo ẹnu láràárọ̀. Àfi bóyá nítorí nọ́ńbà.”

“Nọ́ńbà wo?”

“Ti eré fáànù. Ẹ̀rọ máa ń kọ ọ́ sábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn, kéèyàn tó tẹ bọ́tìnnì. Téèyàn bá rí i pé ó ń já wálẹ̀, á mọ̀ pé ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́, á tú u, á nù ún. Ẹ̀yin kì í kà á ni?”

Ojú ìyàwó rẹ̀ ni Ahunṣọ rí, gíláàsì lọ́wọ́, bó ṣe máa ń tẹ orí síwájú. Kà ló ń kà. Láti ìgbà yìí wá, òun rò pé ńṣe ló kàn ń tẹ̀ ẹ́. Ó sì rántí búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yìí gan-an, èyí tó ti rò pé tìróò ni Tíṣà fi ń lé.

“Ta tiẹ̀ ni ariwo ẹ̀ ń dà láàmú?” Tẹ́ẹ́rẹ́ bi í, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí abẹ̀bẹ̀ fáànù. “Ariwo fáànù ò le tó bẹ́ẹ̀ yẹn.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ahunṣọ ti sọ̀rọ̀ nípa ariwo náà. Orí àga gígùn inú yàrá yìí ló ti máa ń sun oorun ọ̀sán, nítorí oòrùn kì í débẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ jí, ó ní, “Kiní yìí ń hó bí ilé iṣẹ́ wa,” ó sì gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Kò bínú, kò sì sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó ṣe, ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ti fara balẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ padà wá. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó rò pé bí ẹ̀rọ tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá mọ́ ilé.

“Fáànù yìí ti gbó, Bàbá. Kò lè máa rìn gbẹ̀rẹ̀ mọ́ kó tún tu ọpọlọ yìí lára. Tí ẹ bá fẹ́ kó jí lónìí, àfi kí n yọ wáyà kékeré yìí. Á pariwo o.”

“Yọ ọ́.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́, ó ki orí wáyà fáànù bọ ojú ihò rẹ̀ tààrà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ hó. Ó hó bí ìgbà tí ìjì bá wọ inú páìpù, kò sì dẹwọ́. Ahunṣọ ti na ìka sí bọ́tìnnì tó máa ń tẹ̀. Ìkìlọ̀ kò yọ. Òdòdó pupa ló yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ wà lókè fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò fi ṣe.

“Ó ti parí ẹjọ́,” ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí, ó ń kó irinṣẹ́. “Ẹ tètè fi ohun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ránṣẹ́, n kì í fọkàn tán fáànù tó dàgbà. Màá padà wá fi tuntun sí i. Wáyà kékeré yìí ńkọ́, ṣé kí n jù ú nù?”

“Má jù ú nù. Mú un wá.”

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó ku òun àti ariwo. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó dìde, kó gba yàrá kejì lọ. Kò dìde. Ó ki íàpíìsì Tíṣà bọ etí, ó wá ibi tí ìtàn wọ̀nyẹn wà, ó ṣí ti àkọ́kọ́.

Ó gbọ́ tí Tíṣà wúkọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe kó tó bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ dé, kò yí padà, ó ń pe ọmọ tí kò rí rí ní olówó orí òun. Ahunṣọ di etí tábìlì mú. Ìtàn ń lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dún lábẹ́ rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ igi lókèèrè. Ó rò pé fáànù ni. Ó yọ íàpíìsì: ti fáànù kò ní ìsinmi, ohùn kan gbọọrọ ni. Ó ki íàpíìsì bọ etí padà. Kò sí ariwo fáànù nínú ìtàn náà rárá. Yàrá ọjọ́ náà parọ́rọ́ bí ilé ìjọsìn ní ọjọ́ iṣẹ́, ohùn Tíṣà nìkan ló wà nínú rẹ̀, àti ayùn yẹn.

Tíṣà rẹ́rìn-ín sínú. “Ẹ jẹ́ ká rọra sọ̀rọ̀ o,” ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Bàbá àgbà ti sùn.”

Ó sì ń bá ìtàn lọ.

Ahunṣọ gbọ́ gbogbo wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò lójú fèrèsé. Ó kó wọn jọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó pa á rẹ́. Èyí tó wá fi ránṣẹ́ nìyí:

“Ọmọ mi, ohùn màmá rẹ rèé, ó pé. Èmi ni mò ń hanrun lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè bá ọ yọ ìyẹn kúrò, má gbà fún un.”