Láídé Ò Gbéka Kúrò Lórí Bọ́tìnì

Àwọn tó ń ra gáàsì lọ́wọ́ Láídé ní Kúje, nítòsí Festac l'Ékòó, mọ̀ pé bí àwọn bá fẹ́ kó dá àwọn lóhùn, àfi kí àwọn ní sùúrù. Akólòlò ni. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà á ti dé ẹnu, á wá há síbẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ló sì máa ń há jù. Láti kékeré làwọn èèyàn ti ń bá a parí ọ̀rọ̀: ìyá rẹ̀, tíṣà rẹ̀, àwọn kọ̀ńdọ́ inú ọkọ̀. Bọ́lárìnwá ọkọ rẹ̀, tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ò lè mú un mọ́ra. Bí Láídé bá ní, "Mo fẹ́ se i-i-i—" ọkọ á ti ní, "Iṣu?" Láídé á kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kọ́rọ̀ sáà lè tán. Bí wọ́n ṣe máa ń jẹ iṣu lọ́jọ́ tí ìrẹsì ń wù ú jẹ nìyẹn.

Nígbà òjò èṣí, omi ya wọ Festac, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì kú pátápátá. Kò sẹ́ni tó mọ ilé ta lomi ti gbà. Nígbà tílẹ̀ gbẹ, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé, alága klóòsì, ìyẹn òpópó kékeré tí Láídé ń gbé, pe ìpàdé. Ó ní kí kálukú lọ ra wọkitọ́kì lọ́jà Àlàbá, ẹ̀rọ ìléwọ́ tí èèyàn fi ń bá ẹlòmíràn tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ láìwá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ṣánẹ́lì keje ni wọ́n fẹnu kò sí. Kò pẹ́ táwọn ará Kúje àti àdúgbò Satellite fi gbọ́ nípa rẹ̀, làwọn náà bá wọlé. Láàárọ̀, wàá gbọ́ pé tírélà ti dí ọ̀nà Satellite. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wàá gbọ́ pé iná ti dé, tàbí pé ẹnì kan ń wá ewúrẹ́ rẹ̀.

Láídé náà ra tirẹ̀. Wọ́n fi hàn án bó ṣe ń ṣiṣẹ́: tó o bá tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ ń lọ nìyẹn, ìwọ fúnra rẹ ò sì ní gbọ́ ẹnikẹ́ni títí wàá fi gbéka kúrò. Bí ẹlòmíràn bá tẹ tirẹ̀ lákòókò kan náà, ariwo lásán làwọn tó kù máa gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, ó tẹ bọ́tìnì, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. È-èmi ni L-L-L—" Ó gbéka kúrò kó lè mí.

Ṣínà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lágbègbè náà, já gbà á lójú ẹsẹ̀. "Haa, ẹ̀rọ tèyí ti ń já o! L-L-L-lálálá!" Ẹ̀rín sọ lórí afẹ́fẹ́.

Àǹtí Fàósátù, tó ń ta òkìrìkà ní Kúje, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́! Ìyàwó, rọra máa bọ̀, jàre. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Láídé mọ̀ pé inú rere ni obìnrin náà fi sọ ọ́. Síbẹ̀ ó tẹ bọ́tìnì padà. "Àǹtí, kì í ṣe b-baba ni mo fẹ́ pè. Orúkọ mi ni."

Àmọ́ kó tó mú orúkọ náà jáde, ẹnì kan ti ń béèrè bóyá tánkà omi ti kọjá.

Kò tìtorí ìyẹn dákẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń bọ́ sórí ṣánẹ́lì láti kí wọn. Ó ń bá wọn sọ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ títì àti ọ̀nà tí omi ti dí. Bó bá ti mí pẹ́nrẹ́n, ẹnì kan á já wọlé. Bí Ṣínà bá wà níbẹ̀, á sín in jẹ.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé yà sí ṣọ́ọ̀bù Láídé, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó wá ṣojúure, ó sì fi orúkọ Ìyìn, ọmọ Láídé, pè é.

"Ìyá Ìyìn, ẹ má bínú o. Ti gbogbo wa ni ṣánẹ́lì yẹn. Bí nǹkan pàjáwìrì bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, tẹ́ ẹ sì wà lórí ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìyìn máa bá yín sọ tiyín."

"R-rárá, sà."

"Rárá kẹ̀?"

"Alága, gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ̀ ń ròyìn b-bọ́ọ̀lù fún wa lórí ẹ̀. Tiyín p-pẹ́ ju tèmi lọ."

Obìnrin tó ń dúró de gáàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé fa fìlà rẹ̀ síwájú, ó ní, "Mo ti fi sùúrù sọ ọ́," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Látọjọ́ kejì, ṣánẹ́lì keje dákẹ́ lọ gbári. Láídé rò pé bátìrì ló kú. Ó fi ṣájà sí i, ó tún pè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí Bọ́lárìnwá ti ibi iṣẹ́ dé, tó rí i tó ń gbọn ẹ̀rọ náà sétí, ó jókòó, kò sì lè wò ó lójú.

"Wọ́n ti kó lọ sí ṣánẹ́lì míì," ló wí. "Alága ló ń lọ láti ilé dé ilé sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó o mọ̀."

"Ẹ sì ṣè-ṣè-ṣè—"

"Mo ṣèlérí, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́—"

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀!" Láídé ò pariwo bẹ́ẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ rí. Ó dúró títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. "Ẹ ṣèlérí fún wọn p-pé màá máa dákẹ́?"

Bọ́lárìnwá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Má bínú. Ṣánẹ́lì kẹ—"

"Ẹ má sọ ọ́. M-màá wá wọn rí fúnra mi."

Ó gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ṣánẹ́lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pín àga. Ó gbọ́ àwọn gáàdì tó ń bára wọn jà lórí ẹni tó máa ṣí géètì. Ó gbọ́ ariwo òfìfo. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé, tó ń ṣàlàyé bí adájọ́ bọ́ọ̀lù ṣe rẹ́ àwọn jẹ. Láídé dúró. Bí ọkùnrin náà ṣe gbéka kúrò báyìí, ó tẹ tirẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé. Mo ti rí yín. Bó bá wù yín, ẹ tún k-kó lọ, màá tún wá yín rí. Omi tó wọlé yín ló wọ ilé mi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń pẹ́ jù létí yín, ẹ p-pa ẹ̀rọ yín. Èmi ò ní pa tèmi. Orúkọ mi ni L—"

Ó há. Bọ́lárìnwá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ti la ẹnu. Láídé wò ó. Ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n pàdé ní Kúje, Àǹtí Fàósátù ròyìn fún un pé ní gbogbo àkókò tó há yẹn, Alága ń tẹ bọ́tìnì tirẹ̀ léraléra láti dí i lọ́wọ́ títí ó fi sú u, tí ariwo gbòde, tí òun ń bú u nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé ó ń gbọ́ òun. Nírọ̀lẹ́ yẹn, Láídé ò gbọ́ ọ̀kan nínú gbogbo ẹ̀. Èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ro ó, ọrùn rẹ̀ le gbandi, omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́nu, kò sì gbéka.

"L-L-L-Láídé. Láídé Ọláoyè. Ojúlé kẹrin, Klóòsì D. Mò ń ta gáàsì ní Kúje. Ó ti tán."

Ó wá gbéka kúrò.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé fi ìbínú sọ̀rọ̀. "Ìfojúdi nìyí! Mo kúrò lórí ṣánẹ́lì yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ètò, kó tẹ̀ lé mi lọ sí ṣánẹ́lì—"

Ó dákẹ́ lójijì. Kò sẹ́ni tí ò mọ ìdí ẹ̀: bó bá dárúkọ ṣánẹ́lì náà, Láídé á gbọ́.

"Alága, ẹ parí ọ̀rọ̀ yín o," ni Àǹtí Fàósátù wí. "A ń gbọ́ yín."

Ẹ̀rín tó sọ lórí afẹ́fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, Láídé kọ́ ni wọ́n ń rín. Bọ́lárìnwá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ohùn àgbàlagbà kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí wọlé. "Ẹ-ẹ-ẹ—" Kò sẹ́ni tó já gbà á. "Ẹ k-kú ìrọ̀lẹ́. A-A-Akínfẹ́nwá lorúkọ mi, ní S-Satellite. Ó ti pẹ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí. M-mo kàn ń gbọ́ yín ni."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Láídé dá a lóhùn. "Ẹ m-máa bá wa sọ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé àti ilé mélòó kan kó lọ síbòmíràn lóòótọ́. Díẹ̀díẹ̀ làwọn kan padà, òun ò padà. Ṣínà ò tọrọ àforíjì títí dòní, ó kàn ti dẹ́kun sísín Láídé jẹ. Nínú ilé, Bọ́lárìnwá ṣì ń gbàgbé ara rẹ̀, á la ẹnu, á tún pa á dé.

Bí Láídé àti Alága bá pàdé láàárọ̀ lójú títì, ojú gọ́tà lọkùnrin náà máa ń wò. Láídé kì í jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Á dúró síwájú rẹ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti yẹ, á ní, "Ẹ káàárọ̀, A-A-A—" kò sì ní kúrò lójú ọ̀nà títí ọ̀rọ̀ náà á fi jáde tán.