Ẹ̀rọ Wáípà Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Mi

Ẹ má bi mí bóyá inú mi dùn lọ́jọ́ tí ọkọ mi gbé ẹ̀rọ tó ń yí wáípà ọkọ̀ Pẹjó wọlé. Inú mi ò dùn rárá. Mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, mo sì mọ ẹni tó fẹ́ fi rọ́pò.

Fàlílù lorúkọ ọkọ mi. Ìwó la ti wá, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ ní Ìjọ̀kọ, àwọn ilé iṣẹ́ Sàngó-Ọ̀tà la sì ti ń jẹun títí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù fi dé. Lọ́dún 1988, ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo wà ní kí a máa lọ sílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ irin tí Fàlílù wà náà kógbá sílé, torí páàtì òkè òkun ò ṣeé rà mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lu ẹrù wọn ní gbàǹjo, ó ra ẹ̀rọ mílíìnì kékeré kan, a sì gbé e sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé wa.

Bí ẹ ò bá mọ mílíìnì, kò le. Ọ̀bẹ irin kan ń yí lókè, àwa ń pè é ní kọ́tà. Irin tí a fẹ́ gé wà lórí tábìlì nísàlẹ̀, tábìlì yìí ló sì ń gbé irin lọ bá kọ́tà. Hándù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lèèyàn máa ń yí kó tó rìn, jẹ́jẹ́, láìsáré, láìdúró. Èjìká ọ̀tún Fàlílù ti bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́, kò lè yí i pẹ́. Èmi ni mò ń yí i. Odindi ọdún méjì ni mo fi yí i. Ìdí ẹ̀rọ yẹn la ti ń sọ̀rọ̀ Ṣùkúrát ọmọ wa tó wà nílé ọkọ, ibẹ̀ la ti ń jà, ibẹ̀ náà la sì ti ń parí ìjà. Kí wọ́n tó lé mi nídìí aṣọ, mi ò mọ̀ pé mo lè fẹ́ràn irin.

Torí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹ̀rọ wáípà mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì, mo fajú ro.

"Bàbá Ṣùkúrát, ṣé ọwọ́ mi ń rùn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ẹ ò rùn. Mo fẹ́ kó sinmi ni."

"Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

Ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tó bá ti mú sípánà báyìí, etí ẹ̀ ti di nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Bátìrì ọkọ̀ ló ń fún ẹ̀rọ wáípà náà níná. Ó fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ so ó mọ́ ọ̀pá tí hándù ń yí. Ó tú ṣíwíìṣì ilẹ̀kùn fìríìjì wa tó ti kú, ó kàn án mọ́ ìpẹ̀kun ibi tí tábìlì ń rìn dé, pé bí tábìlì bá ti débẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́, iná á kú, gbogbo ẹ̀ á dúró. Ìyẹn dára, mi ò ní purọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwo eléyín tí ṣéènì ń gbà lórí. Ó fi ọ̀kan sí i, ó ní ó yá jù. Ó fi òmíràn sí i, ó ní ó ń falẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sọ́dọ̀ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Sàngó. Bí mo bá bi í pé kí ló ń wá gan-an, á ní, "Mò ń bọ̀."

Àárọ̀ Sátidé kan ló tan án. Tábìlì gbéra, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ojú ibi tó gé ń dán. Irú dídán bẹ́ẹ̀, mi ò ṣe é rí. Nígbà tó dé ìpẹ̀kun, ó dúró fúnra ẹ̀. Fàlílù pàtẹ́wọ́. Èmi kàn ń gbá èérún irin nílẹ̀.

Ọ̀pá mẹ́fà ni a ń ṣe fún Ògúndèjì, tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Ìgbẹ̀sà. Ẹ̀rọ wáípà gé márùn-ún. Nígbà tí Fàlílù lọ kírun àílà ọ̀sán, mo tú ṣéènì náà, mo di hándù mú. Mo fẹ́ kó dé bá ẹ̀kẹfà, kó dán ju ti wáípà lọ, kó sì ti parí kó tó ṣe sàláámà tí wọ́n fi ń parí ìrun. Mo yí i, mo sáré sí i. Kọ́tà ké, ó sì dá sí méjì. Kò sí irú ẹ̀ mọ́ nílé, kò sì sí ní gbogbo Ọ̀tà lásìkò yẹn.

Ó wọlé, ó wo kọ́tà, ó wo ṣéènì tó wà nílẹ̀.

"O sáré," ló wí.

"Mo sáré." Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ wáípà. "Ẹ ti ṣe ohun tó mọ iṣẹ́ mi jù mí lọ. Kí ni mo tún ń dúró ṣe níbí? Ṣé kí n lọ jókòó síwájú ilé kí n máa wo ọkọ̀ ni?"

Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Ìgbà mọ́kànlélógún lo máa ń yí hándù ní ìṣẹ́jú kan. Mo ti ń kà á láti ọdún tó kọjá. Àwo àkọ́kọ́ yá jù ẹ́ lọ, ìkejì ò yá tó ẹ. Ìwọ ni mo fi wọn ẹ̀rọ yẹn. Iṣẹ́ tó ń dán yẹn, ìrìn ọwọ́ ẹ ni."

Àṣé kíkà ló ń kà! Gbogbo ìgbà tí mò ń rí ètè ẹ̀ tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rò pé àsíkìrì ló ń ṣe, pé ó ń dárúkọ Ọlọ́run. Inú mi rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó rí i.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ mi?"

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Kò kọjá àyà. Ó gbé òsì, ìyẹn náà dúró lágbedeméjì.

"Mo nílò ọwọ́ ẹ fún nǹkan mìíràn," ló wí. "Ẹni tó ń yí hándù ò lè máa wọn irin, kò lè máa to kọ́tà sójú ibi tó máa gé. Èmi ò ní lè ṣe é pẹ́ mọ́."

Mo wo apá òsì yẹn títí. A jọ ń jẹ, a jọ ń sùn, mi ò sì rí i.

"Láti ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti Iléyá."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Mò ń ṣe ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ ni."

Mo sunkún, mi ò tijú. Lẹ́yìn náà mo nu ojú, mo ṣa kọ́tà tó dá nílẹ̀, mo bi í bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Ó ní ìdajì tó kù ṣì lè gé irin. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti wọn ọ̀pá ẹ̀kẹfà, mo ti pọ́n kọ́tà, mo ti tò ó, mo ti so ṣéènì wáípà padà, mo ti gé e fúnra mi. Fàlílù jókòó tì mí, ó ń sọ ohun tí màá ṣe, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lórí itan.